Oṣù Mẹ́ta Àkọ́kọ́: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Aboyún Ẹdẹ àti Àwọn Ará Ilé Wọn

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin baba, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ara yín níyàwó, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí a sábà máa ń sọ ní kọ̀rọ̀ yàrá, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ oyún ni, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, tí ojú ayé kò tíì rí i, tí ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí ó lóyún gan-an kò tíì mọ̀.

Ní ìlú Ẹdẹ, ìlú Tìmì Àgbàlé ọlọ́fà iná, a mọ ìyàwó ilé kan tí ó ń ta aṣọ ní Ọjà Tìmì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òórùn epo tí aládùúgbò rẹ̀ fi ń dín àkàrà gbá a nímú, ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó sì bì. Ìyá ọkọ rẹ̀, ẹni tí ó ti bí ọmọ mẹ́fà, wò ó láti òkè dé ilẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó mú píìnì kan jáde, ó fi há etí aṣọ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní, “Ìyàwó, má ṣe máa rìn ní ọ̀sán gangan mọ́ o.” Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a sọ nìyẹn. Ó ti yé àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀. Oṣù kẹta kọjá, ìkẹrin kọjá; ó di ìgbà tí ikùn yọ ní oṣù karùn-ún kí ó tó lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Nígbà náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ náà ti lọ sílẹ̀ gidigidi. A dúpẹ́ pé ó bí i, àti ìyá àti ọmọ sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ìrora tí ó rí lẹ́yìn ìbímọ náà pọ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó lè padà sí ìsọ̀ rẹ̀.

A kò sọ èyí láti fi ìyá ọkọ náà ṣe ẹlẹ́yà. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n sì wà nínú ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe. Nínú 100 oyún tí obìnrin mọ̀ pé òun ní, nǹkan bí 10 sí 15 ni ń bàjẹ́, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn sì ń bàjẹ́ kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tó pé. Àwọn àgbà kò ní ìwé tí wọ́n kọ ìṣirò yìí sí, síbẹ̀ wọ́n ti fi ojú rí i. Wọn kò fẹ́ kí àdúgbò ti máa kí ènìyàn kú oríire, kí ó sì wá di pé àdúgbò kan náà ni yóò máa bi í léèrè pé kí ni ó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pa á mọ́ fún ayé títí di oṣù kẹrin kò ṣe ohun tí ó burú. Ohun tí a ń bá jà ni pé ìdákẹ́jẹ́ náà ń nà dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì pẹ̀lú, bí ẹni pé nọ́ọ̀sì náà jẹ́ ọ̀kan nínú ẹnu ayé. Nínú ìwádìí ńlá tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018, 67 nínú 100 obìnrin tí ó bímọ ni ó rí oníṣẹ́ ìlera tí ó mọṣẹ́ nígbà oyún wọn, 57 péré nínú 100 ni ó sì lọ tó ìgbà mẹ́rin. Ẹni tí ó bá sì pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, báwo ni yóò ṣe lọ tó ìgbà mẹ́rin?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ọmọ ní àkókò tí gbogbo ilé ń dákẹ́ yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Bí àwọn oníṣègùn bá ń ka ọ̀sẹ̀ oyún, láti ọjọ́ kìn-ín-ní tí nǹkan oṣù ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà nípa ìṣirò yìí, ìyẹn nígbà tí nǹkan oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́, ọkàn ọlẹ̀ náà ti ń lù. Ọ̀nà tóóró tí yóò di ọ̀pọlọ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti pa ẹnu dé ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún dúró. Bí kò bá pa ẹnu dé bí ó ti yẹ, kò sí oògùn tí yóò pa á dé lẹ́yìn náà. Ọmọ náà lè wá sáyé pẹ̀lú ihò ní ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí kí orí rẹ̀ má pé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, gbogbo ẹ̀yà ara tí ó ṣe pàtàkì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ọmọ náà kò tíì gùn ju ìka ọwọ́ àgbàlagbà lọ, síbẹ̀ ó ní ìka tirẹ̀, ó sì ń mira, bí ìyá kò tilẹ̀ tíì lè mọ̀ ọ́n lára. Ẹ rí i nísinsìnyí pé ìgbà tí ikùn bá fi yọ, ìpìlẹ̀ ilé ti parí, ògiri ni ó kù.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ̀rọ̀ fólíkì ásíìdì ṣáá. Ìtàn rẹ̀ dùn láti gbọ́. Obìnrin oníṣègùn kan, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lucy Wills, lọ sí ìlú Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà, ó sì rí àwọn aboyún òtòṣì tí ẹ̀jẹ̀ wọn gbẹ títí wọ́n fi ń kú. Ní ọdún 1931 ó kọ ọ́ jáde pé ohun tí a ń fi ìwúkàrà ṣe, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Marmite, tí wọ́n sì ń fi pa búrẹ́dì, ń mú wọn sàn. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà ni a wá mọ̀ sí fólíkì ásíìdì lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1991, àwọn olùwádìí ní Ìlú Ọba fi hàn pé bí obìnrin tí ó ti bí ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò pé rí bá ń lò ó kí oyún tó dúró àti ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ń dín ewu pé yóò tún ṣẹlẹ̀ kù ní ìwọ̀n 72 nínú 100. Ìwọ̀n tí a ń fún àwọn obìnrin yòókù ni 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́. Oògùn kékeré ni, owó rẹ̀ kò tó iye tí a ń ná sórí ohun mímu inú ìgò. Ẹni tí ó bá ń retí oyún kò yẹ kí ó dúró de ìgbà tí ó bá rí àmì. Kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ọsàn ní irú rẹ̀ nínú, a kò sì sọ pé kí a má jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ nìkan kò tó.

Nípa àwọn àmì, obìnrin kò rí bákan náà. Nǹkan oṣù yóò dúró, èyí ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ọmú yóò wúwo, yóò sì máa ta ènìyàn bí aṣọ bá kàn án. Àárẹ̀ yóò mú un bí ẹni tí ó roko láti òwúrọ̀. Yóò máa tọ̀ lóru, inú rẹ̀ yóò máa le, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀, òórùn tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ yóò di ohun ìkórìíra. Ẹlòmíràn yóò sunkún lórí ohun tí kò tó ẹkún. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe pe èyí ní ìwà, ara ni. Nǹkan bí 7 nínú 10 aboyún ni ìrìndọ̀ ń mú, kì í sì í ṣe òwúrọ̀ nìkan. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, ó máa ń le jù ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án tàbí nítòsí rẹ̀, ó sì máa ń fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀ kí oṣù kẹrin tó parí. Kí aboyún jẹ díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ó fi ohun gbígbẹ bíi bísíkíìtì tàbí búrẹ́dì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ó jẹ ẹ́ kí ó tó dìde. Kí ó sì ṣe ata ilẹ̀ sínú omi gbígbóná, nítorí ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Bí òórùn epo bá ń lé e sá, kí ẹlòmíràn dáná. Àbí ọwọ́ ọkọ kò lè ro ọkà?

Ṣùgbọ́n èébì kan wà tí kì í ṣe ti eré. Bí obìnrin kò bá lè mú omi dúró nínú fún ọjọ́ kan, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n dúdú tí ó sì kéré, bí òòyì bá ń kọ́ ọ nígbà tí ó bá dìde, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí a lè fi omi sí i lára. Charlotte Brontë, obìnrin òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìwé rẹ̀ kún ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà kan, kú ní ọdún 1855 ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti yẹ ìtàn rẹ̀ wò gbà pé irú èébì yìí ni ó pa á. Lónìí, kò yẹ kí ó pa ẹnikẹ́ni.

A ní láti dúró díẹ̀ lórí ọ̀ràn ibà. Àárẹ̀, orí fífọ́, èébì, àìlèjẹun: ẹni tí a bá ka gbogbo ìwọ̀nyí fún ní Ẹdẹ yóò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ibà ni. Nítorí náà, obìnrin tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún yóò yà sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, wọn yóò bu oògùn oríṣiríṣi pọ̀ sínú ọ̀rá fún un, funfun, pupa àti àwọ̀ ewé, òun yóò sì gbé e mì láìmọ̀ pé ẹlòmíràn wà nínú òun. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní ayé pé oògùn tí gbogbo ènìyàn rò pé kò lè pa eṣinṣin ba ọmọ inú jẹ́. Thalidomide ni orúkọ rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní Jámánì ní ọdún 1957, àwọn aboyún lò ó fún ìrìndọ̀ àti àìróorunsùn, a sì kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀ ní ọdún 1961, lẹ́yìn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ti wá sáyé láìní apá tàbí ẹsẹ̀ tí ó pé. Ìlú Ẹdẹ kì í ṣe àlejò sí ọ̀ràn oògùn òyìnbó. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, ẹni tí ó gorí ìtẹ́ Tìmì ní ọdún 1946, tí a sì mọ̀ káàkiri nítorí ìlù dùndún rẹ̀, iṣẹ́ apòògùn ni ó ti ṣe kí ó tó jọba. Apòògùn tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ bi obìnrin léèrè pé ìgbà wo ni ó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Bí ẹni tí ń ta oògùn fún yín kò bá bi yín bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ yín gbé e.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ wa ní àgbọ́yé òdì, kí ó máa rò pé ibà kò ṣe nǹkan kan. Ibà gidi léwu púpọ̀ fún aboyún, ó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó sì ń ba oyún jẹ́. Ohun tí a ń wí ni pé kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná. Ìka ni a ó gún díẹ̀, èsì yóò sì jáde kí omi tó hó. Bí ibà bá wà níbẹ̀, oògùn wà tí dókítà lè fún aboyún àní ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ pàápàá. Ní ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí èyí tí a ń pè ní artemether-lumefantrine fún àkókò náà. Oògùn ìdènà ibà tí a ń fún aboyún gbé mì níwájú nọ́ọ̀sì kò tíì kàn án ní àkókò yìí, ọ̀sẹ̀ kẹtàlá ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì tí a fi oògùn sí, kí ó máa sùn sábẹ́ rẹ̀ láti òru òní lọ.

Àgbo ńkọ́? A mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń bọ̀. A kò ní bú àwọn àgbà tí ó mọ ewé àti egbò. Ṣùgbọ́n ewé tí ó lágbára tó láti wo àrùn lágbára tó láti ṣe ìpalára pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tí ó wọn ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìkòkò. Èyí tí a fi ọtí ògógóró rẹ, kí aboyún sá fún un pátápátá, nítorí ọtí ń tọ ọmọ lọ tààrà. Èyí tí ìyá ọkọ bá sì sè pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kí ìyàwó fi ọ̀wọ̀ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí ó tó mu ún. A kò rí ìjà nínú èyí.

Ẹfun jíjẹ tún wà. Ọ̀pọ̀ aboyún ni ọkàn wọn ń fà sí i, tí wọ́n ń rà á ní ọjà ní wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń rún un lẹ́nu. Òjé wà nínú irú amọ̀ bẹ́ẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Àjọ tí ń rí sí oúnjẹ ní Ìlú Ọba, níbi tí àwọn ará wa ń tà á ní ọjà wọn, ti kìlọ̀ fún àwọn aboyún nípa rẹ̀. Láti orí òjé, a kò lè ṣàìdárúkọ odò tí ó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ọ̀pọ̀ ni ó ń pọn omi Ọ̀ṣun fún ẹni tí ń wá ọmọ tàbí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú ojú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn awakùsà góòlù ti ń da ilẹ̀ rú ní òkè odò náà, omi rẹ̀ ti pọ́n bí amọ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ ní ọdún 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, pé kí a má ṣe mu ún. Kí aboyún máa mu omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga tí ó mọ́. Bí a bá sì se omi odò, èyíinì kò mú òjé kúrò. Iná kò jó o.

Nípa èèwọ̀ oúnjẹ, a ó sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ìgbín kì í mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu ọmọ. Ẹyin kì í sọ ọmọ di olè. Ẹran ara ni aboyún ń wá, èyí sì wà nínú méjèèjì. Kí a sè wọ́n jinná, kí ó sì jẹ ẹ́.

Ó kù wá ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù. Bí obìnrin bá rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, kí ó má ṣe rò pé ó ti parí. Ọ̀pọ̀ ni ó rí i tí oyún wọn sì dúró. Ṣùgbọ́n kí ó lọ, kí a wò ó. Bí ìrora bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ikùn, bí èjìká bá ń dùn ún láìnídìí, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú bí ẹni tí yóò dákú, kí a má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Oyún lè ta gbòǹgbò sí ẹ̀yìn ilé ọmọ, nínú ọ̀pá tóóró tí ẹyin ń gbà kọjá. Bí ọ̀pá náà bá ya, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà sí inú níbi tí ojú kò rí i, ó sì lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú rẹ̀, oyún dídè kò tó o. A ti gbọ́ nípa ilé tí a ti ń wá ẹni tí yóò ti àgádágodo mọ́ oyún, nígbà tí ọkọ̀ tí ìbá gbé obìnrin náà wà ní ẹnu ọ̀nà.

Bí ó bá sì bàjẹ́, ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀wọ́. Ìwádìí fi hàn pé nǹkan bí ìdajì nínú àwọn oyún tí ń bàjẹ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó jẹ́ pé irúgbìn tí ó dá ọlẹ̀ náà kò pé láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe omi tí ó rù, kì í ṣe àtẹ̀gùn tí ó gùn, kì í ṣe pé ó bá ọkọ rẹ̀ jà ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ má ṣe fi ìbéèrè dá a lẹ́bi. Ẹ sè fún un, ẹ jẹ́ kí ó sunkún, ẹ sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sunkún pẹ̀lú, nítorí òun náà sọ nǹkan nù. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, kí àwọn méjèèjì lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà mìíràn ìdí rẹ̀ ń hàn, a sì ń rí ìtọ́jú.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ibùdó ìlera, ohun tí a ó ṣe kò dẹ́rù bani. A ó bèèrè ọjọ́ tí nǹkan oṣù ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀. A ó wọn ìwọ̀n ara rẹ̀ àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ó yẹ ìtọ̀ wò, a ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó tó, irú èyí tí ó jẹ́, àti bóyá kòkòrò HIV, sífílíìsì tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B wà nínú rẹ̀. Èyíkéyìí nínú àwọn yìí tí a bá rí ní kùtùkùtù, a lè dáàbò bo ọmọ. A ó yẹ jẹ́notáìpù wò pẹ̀lú. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS; bí tọkọtaya bá jẹ́ AS méjèèjì, ó dára kí wọ́n mọ̀ nísinsìnyí. Àwọn oníṣègùn gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí àwọn baba wa pè ní àbíkú ni ó jẹ́ pé àrùn yìí ni ó mú wọn lọ. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún rí oníṣẹ́ ìlera ní ìgbà mẹ́jọ, kí ìgbà àkọ́kọ́ sì wà kí ọ̀sẹ̀ kejìlá tó kọjá.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ náà kò ṣòro láti ṣírò nílé. Mú ọjọ́ kìn-ín-ní nǹkan oṣù ìkẹyìn, dín oṣù mẹ́ta kù, kí o sì fi ọjọ́ méje kún un. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kẹwàá oṣù Jánúárì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Òkítóbà ni a ó máa retí ọmọ, bí ọmọ kò tilẹ̀ sábà ka kàlẹ́ńdà kí ó tó wá.

Ìyàwó tí a sọ ìtàn rẹ̀ níṣàájú tún lóyún lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ rẹ̀ ti kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tí ó wà lára ògiri yàrá wọn, wọ́n sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ keje, láìsọ fún ẹnì kankan ní àdúgbò. Nọ́ọ̀sì fún un ní káàdì àti oògùn, ó sì dá ọjọ́ mìíràn fún un. Píìnì ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní etí aṣọ rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà.